Ayò Tí A Kò Tíì Parí

Ọkọ̀ tó gbé ayò inú fóònù wá sí àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn ń pariwo ju ọkọ̀ olóṣèlú lọ. Ẹ̀gbẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé òfì ló dúró sí, níbi tí àwa àgbà máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, tí àwọn ahunṣọ ń hun aṣọ òkè lẹ́yìn wa. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ya àwòrán agolo sí àyà ẹ̀wù rẹ̀, agolo gidi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, fóònù wà lọ́wọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ kí wa dáadáa. Ìyẹn ni kò jẹ́ ká lé e.

"Ẹ̀yin bàbá mi, wọ́n ní ibí yìí ni àwọn tó mọ ayò ta jù ní Ìsẹ́yìn wà."

Télọ̀ kan wà láàrin wa tó ti pa máṣíìnì rẹ̀ tì láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ tí kò pa ẹnu rẹ̀ tì. Òun ló dá a lóhùn. "Wọn ò parọ́. Kí lo gbé wá?"

"Ayò ni, bàbá."

"Agolo ni mo rí lọ́wọ́ rẹ."

"Àwọn méjèèjì ni, bàbá."

Ó fi fóònù hàn wá. Ọpọ́n ayò ló wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, ojú mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n agolo wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọmọ ayò. Bí èèyàn bá jẹ, obìnrin kan á kọrin nínú fóònù pé ohun mímu oníkòkó ilé-iṣẹ́ wọn ń fún egungun lókun. Ó ṣàlàyé fún wa pé orí ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀ ni ayò náà wà. Ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn lè bá ẹni tó wà ní Ìlọrin ta á. Bí ọmọ ayò èèyàn bá tán lọ́jọ́ kan, kò ní lè ta mọ́ títí di ọjọ́ kejì, àfi kó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé tàbí kó jókòó wo ìpolówó wọn tán. Ibì kan sì wà tí èèyàn lè fọhùn sí. Ẹni tí a ń bá ta á yóò gbọ́ ohùn náà, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì gbọ́ ọ. Bí a bá yin ohun mímu wọn níbẹ̀, wọn á fún wa ní ọmọ ayò sí i. Ẹni tó bá pe ọ̀rẹ́ tó pọ̀ á gba agolo gidi.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi, ó ti yé mi. Ẹ fẹ́ ká máa bá yín kiri ọjà, kí inú wa sì máa dùn sí i."

Kò bínú. Ó ní, "Bàbá, ó kúkú sàn ju kí ọkọ̀ máa pariwo sí yín létí lọ."

Télọ̀ ní, "Ọkọ̀ ọ̀hún ṣì ń pariwo o!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ sọ fún dírẹ́bà kó pa ohun tó ń pariwo náà.

Ní tèmi, n kò rí ohun tuntun níbẹ̀. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ sinimá máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn, tí eruku pupa á ti bo gbogbo ara rẹ̀. Wọn á ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri ilé ẹ̀kọ́ wa, wọn á fi àwòrán tó ń rìn hàn wá. Bí ara wa bá ti wà lọ́nà, tí ẹṣin ń sáré, tí ọkùnrin kan ń lé olè lọ, ṣe ni àwòrán náà á dédé dúró, obìnrin ológe kan á sì yọ, á máa po ohun mímu nínú kọ́ọ̀bù, á máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà á wá bu díẹ̀díẹ̀ fún wa tọ́ wò. Ìyá mi tọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan, ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n ògì òun wà nílé. Síbẹ̀, nígbà tí mo wọ yunifásítì lọ́dún pípẹ́ lẹ́yìn náà, agolo àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, tiwọn ni. N kò mọ ìdí tí mo fi rà á. Mo rò pé ẹṣin tó ń sáré yẹn ni mo ń rà.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ tajà kì í wá èèyàn lọ síbi tí iṣẹ́ ti ń pá a lórí. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ló ń wá a lọ. Àwọn ará àtijọ́ fi sinimá wá wa. Ti ìsinsìnyí fi ayò wá wa. Ohun tó dùn mí lọ́jọ́ náà ni pé ẹni tó yẹ kó dá ọmọbìnrin náà lóhùn kò sí lórí ìjókòó.

Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń sọ. Àlájì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ahunṣọ ni. Inú ilé òfì tó wà lẹ́yìn wa yẹn ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ lórí òwú títí ọjọ́ fi lọ lórí èmi àti òun. Nígbà tí mo ṣẹ́ṣẹ̀ dé Ìsẹ́yìn bí olùkọ́, tí mo ń fi oyè yunifásítì yan kiri, òun ló pè mí sábẹ́ igi. Ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní o kàwé. Wá ká wò bóyá ó dé orí ọpọ́n." Kò dé orí ọpọ́n. Ó jẹ mí títí ó fi sú àwọn tó ń wòran.

Lábẹ́ igi yẹn, orí ayò nìkan ni èèyàn ti lè bú ẹni tó jù ú lọ láìsí ìjà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ ni Àlájì máa ń pè mí, níwájú àwọn tí mo kọ́ ní ìwé, níwájú àna mi, lọ́jọ́ kan níwájú pásítọ̀ wa. "Ọ̀pẹ, ọwọ́ rẹ wúwo. Ọ̀pẹ, ṣé kí n bá ẹ ronú ni?" Bí ìrun bá tó, á dìde lọ kírun, á padà wá, á sì bẹ̀rẹ̀ èébú náà níbi tó fi í sí.

Ó wá di ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Àlájì ti kó ọmọ ayò jọ sí ojú kan ní ìkángun ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí tó fi kún rẹpẹtẹ. Odù là ń pe irú ìyẹn. Bí ọ̀ta bá ta odù sílẹ̀, ó lè yí gbogbo ọpọ́n ká kó sì ba ilé ẹlòmíràn jẹ́. Mo ti rí i tó ń bọ̀, n kò rí ọgbọ́n kankan dá sí i. Òun ló kàn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí odù náà, ọwọ́ náà kò dé ibẹ̀. Ó balẹ̀ sí etí ọpọ́n, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń sùn.

Télọ̀ ní, "Àlájì, ta ayò jàre! Àbí o ti ń kírun lórí ọpọ́n ni?"

A rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí ó gbójú sókè láti dá a lóhùn ni a rí i pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣakí wá gbé e lọ sí ilé ara rẹ̀. Èmi ni mo gbé ọpọ́n náà délé lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo rọra gbé e bí ẹni gbé omi, kí ọmọ ayò kan má baà yẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo dé agbọ̀n lé e. Bẹ́ẹ̀ la ti máa ń ṣe é lábẹ́ igi wa bí òjò bá ká wa mọ́ ìdí ayò. Ayò tí kò parí, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án.

Mo lọ kí i ní Ṣakí lẹ́ẹ̀kan. Orúnkún mi kò fẹ́ràn ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n mo lọ. Nígbà tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ògiri. Kò yí padà títí mo fi dìde. Nọ́ọ̀sì sìn mí jáde, ojú ń tì í nítorí bàbá rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹ̀yin. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹnu òun ni."

"Ṣé kò lè sọ̀rọ̀ rárá ni?"

"Ó lè sọ ọ́. Dókítà ní ó lè sọ ọ́. Ohùn tó máa jáde ni òun fúnra rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn náà, bí kò bá máa lò ó, yóò gan pátápátá. Mo ra bọ́ọ̀lù rọ́bà fún un pé kó máa fún un. Ó jù ú gba ojú fèrèsé."

"Ọwọ́ wo ló fi jù ú?"

"Ti òsì ni, Bàbá."

A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ó di apá mi mú. "Ẹ bá mi wá nǹkan kan tí yóò wu bàbá mi fi ọwọ́ náà ṣe. Èyí tó máa mú un lanu náà. Bí ó bá ń bá a lọ báyìí, ọwọ́ náà á lọ, ọ̀rọ̀ náà á sì lọ."

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn nígbà tí mo dìde lábẹ́ igi tí mo tẹ̀lé ọmọbìnrin alágolo lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Mo ti ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti sọ sí mi lọ́kàn. Nínú ayò ti fóònù, ojú kì í rí ojú. Ẹnu tó wọ́ àti ẹnu tó gún, bákan náà ni wọ́n rí níbẹ̀. Ìka kan ṣoṣo ló sì gbà.

Mo ní, "Ọmọ mi, fi ayò yín sínú fóònù mi."

Ó wò mí. "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ní a fẹ́ fi yín kiri ọjà?"

"Mo ti ń kiri. Fi sí i."

Ó fi sí i, ó kọ́ mi bí a ṣe ń pe ọ̀rẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo fẹ́ pe Àlájì nìkan, ibi tí wọ́n ti ní kí n pe gbogbo èèyàn tó wà nínú fóònù mi ni ìka mi bà lé. Kí n tó mọ ohun tí mo ṣe, fóònù ti ń dún. Alàgbà ìjọ wa ló kọ́kọ́ pè. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Mo rí i pé ẹ ní kí n wá kó agolo." Mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ mi ṣe kó tó di àwátì tẹ̀lé e. Ìyá ọkọ ọmọ mi, tó ń din gàrí ní Ìgànná, kò tilẹ̀ kí mi dáadáa: "Àna mi, ṣé ó dáa báyìí? Ẹ ní kí n fi ọmọ ayò ta yín lọ́rẹ. Ṣé ebi ń pa yín ni?"

Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí tó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ẹ ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹ ti wá di òṣìṣẹ́ alágolo. Ṣé wọ́n á fún yín ní ẹ̀wù náà?"

Ohun tí ilé-iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ gan-an ni mo ṣe fún wọn láìmọ̀. Alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ta ayò. Àna mi náà bẹ̀rẹ̀; ó tilẹ̀ jẹ mí nígbà tí gàrí rẹ̀ wà lórí iná, ó sì fọhùn sí i pé ohun mímu náà dùn, bẹ́ẹ̀ kò tọ́ ọ wò rí. Wọ́n fún mi ní agolo. Mo gbé e sórí tẹ́lífíṣọ̀n, n kò ṣí i. Kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti bá mi fi ayò náà sínú fóònù bàbá rẹ̀. Ó ní nígbà tí ìpè mi àkọ́kọ́ dé, tó gbé e fún un pé, "Bàbá, Tíṣà ní kí ẹ wá ta ayò," bàbá rẹ̀ wo ojú fóònù náà pẹ́, ó sì da ojú rẹ̀ délẹ̀. Mo tún pè é lọ́jọ́ kejì. Ó tún da ojú rẹ̀ délẹ̀. Mo rò pé ọmọ ayò alágolo ni kò fẹ́. Mo rò pé orin obìnrin yẹn ló ń bí i nínú. Èmi náà, ó máa ń bí mi nínú. Mo ní kí Nọ́ọ̀sì pa ohùn rẹ̀. Mo ń pè é lójoojúmọ́, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ tí kò wá sí kíláàsì.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Nọ́ọ̀sì pè mí. Ohùn rẹ̀ kò dára.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ayò yẹn ránṣẹ́ mọ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Nígbà tó dé lánàá, omi bọ́ lójú rẹ̀. N kò rí bàbá mi kó sunkún rí. Kò tún jẹ́ kí n fọwọ́ kan apá náà láti ìgbà yẹn. Mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀ tó ń dùn ún."

Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú mi bàjẹ́ pé ohun tí mo fi ń wá ìwòsàn ti di ọgbẹ́. Ìyàwó mi ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó dé ìdí agbọ̀n, ó dúró, ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí i.

"Ìgbà wo lẹ máa kó ayò yìí kúrò lọ́nà fún mi? Ẹsẹ̀ mi ti gbá a tán."

Mo ní, "Má fọwọ́ kàn án o. Kò tíì parí."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ.

Ẹni tí kò bá dàgbà sídìí igi dóńgóyárò yẹn lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó. Láàrin wa, ẹni méjì tí ayò wọn kò tíì parí kì í ṣí òmíràn. Ìbáà di ọ̀la, ìbáà di oṣù tó ń bọ̀, èyí tó wà nílẹ̀ ni wọ́n á parí. Ẹni tó bá ṣí tuntun lórí èyí tí kò parí, ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kejì òun ti sá, tàbí pé ó ti kú. Ọ̀rẹ́ mi dùbúlẹ̀ ní Ṣakí, ó mọ̀ pé òun ní odù kan lórí ọpọ́n tí òun kò tíì ta. Lójoojúmọ́ ni mo sì ń fi ayò tuntun ránṣẹ́ sí i. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ fún un pé a ti sin ín.

Mo ṣí agbọ̀n náà. Ìyàwó mi rò pé mo ti gbà láti kó o kúrò, ó gbé ìgbálẹ̀ jó díẹ̀. Mo ní kó bá mi di ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n kan mú. Ó wo ojú mi, ó di í mú. Àwa méjèèjì gbé e lọ sábẹ́ igi, bí a ti gbé e wá gẹ́lẹ́. Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀.

Télọ̀ rí wa. "Ta ló kú?"

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò kú. Àlájì ló kàn."

Gbogbo wọn dìde. Àwọn ahunṣọ fi òfì sílẹ̀, wọ́n jáde wá. Mo fi fóònù ya àwòrán ọpọ́n náà láti òkè, kí ojú ayò kọ̀ọ̀kan lè hàn. Mo fi ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì. Mo fọhùn tẹ̀lé e, n kò sì fi ẹnu dídùn sọ ọ́, nítorí a kì í fi ẹnu dídùn sọ̀rọ̀ nídìí ayò. Mo ní, "Àlájì, ìwọ ló kàn. A ti ń dúró dè ẹ́ láti ìgbà ọyẹ́. Ta ayò jàre."

A dúró. Ẹnì kan ní bóyá dátà ti tán níbẹ̀. Télọ̀ ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Nígbà tí fóònù dún, Nọ́ọ̀sì ni, ó ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gun òkè:

"Bàbá, ó ti ta á. Mo gbé àwòrán náà sí i lójú, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí ẹsẹ̀. Èyí tó kún jù ní ìkángun, òun ló fọwọ́ kàn. Ọwọ́ ọ̀tún ni, Bàbá! Ó pẹ́ kó tó dé ibẹ̀, ó ń gbọ̀n, mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó fi ojú lé mi sẹ́yìn."

Odù ni. Mo kó o lójú àwọn ẹlẹ́rìí. Mo ń fi í sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń yí ọpọ́n ká, Télọ̀ ń kà á tẹ̀lé mi kí n má baà ṣe màgòmágó. Ó wọ ilé mi, ó jẹ níbẹ̀, ó tún jẹ níwájú. Ohun tó kù fún mi lórí ọpọ́n kò tó fi ṣe ẹ̀sín. Gbogbo abẹ́ igi hó yèè. Àwọn ọ̀dọ́ ahunṣọ tí kò bìkítà fún ayò tẹ́lẹ̀ ń fò sókè. Ọ̀kan nínú wọn ti fi fóònù tirẹ̀ ya fídíò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe jẹ mí ní ìjẹkújẹ lójú gbogbo Ìsẹ́yìn nìyẹn, n kò sì rántí ọjọ́ tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sílé, mo ń jẹ iṣu. Fóònù mi kọrin egungun tó ní okun. Mo rò pé àna mi ni. Mo gbé e wò, Àlájì ni. Òun ló pe èmi. Ayò tuntun.

Mo fi iṣu sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó ń pẹ́ kó tó ta á, mo sì mọ ohun tó ń fa ìdúró náà: ìka kan ló ń rìnrìn àjò. N kò kánjú. Bí mo ti fi ojú ayò kan sílẹ̀ láìbojú wẹ̀yìn, ó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni àmì ohùn yọ, ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fún àwọn tó bá fẹ́ yin ohun mímu wọn. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ju èémí lọ, bí ti ẹni tó ru ẹrù tó wúwo. Ohùn kan wá jáde, ó fẹ̀, ó wọ́, ǹ bá má mọ̀ ọ́n bí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ tó sọ.

"Ọ̀... pẹ."

Mo tún tẹ̀ ẹ́. "Ọ̀... pẹ."

Ìyàwó mi ké láti inú ilé ìdáná. "Ta ló ń bú yín nínú fóònù?"

Mo tún ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó jáde wá wò mí, ó rí ojú mi, ó gba fóònù náà, òun náà tẹ̀ ẹ́. Ó jókòó tì mí, a ń tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀ títí iṣu fi tutù.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ta á. Èébú rẹ̀ ń gún sí i. Láti "ọ̀pẹ", ó dé "ọ̀pẹ burúkú", nígbà tó sì di ìgbà òjò, ó ti ń bi mí bóyá kí òun bá mi ronú. Bí ọmọ ayò rẹ̀ bá tán, ó máa ń jókòó wo ìpolówó náà tán kó lè rí òmíràn gbà. Nọ́ọ̀sì ní ó ti ń bá obìnrin inú ìpolówó náà kọ orin ọ̀hún, ó sì jẹ́ kí òun máa na apá náà láàárọ̀, nítorí ó fẹ́ kó yá kánkán lójú ayò.

Ọmọbìnrin alágolo tún gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Mo jẹ́ kó gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ yẹn, mo sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó nu ojú, ó ní, "Bàbá, àwọn ọ̀gá mi ò lè lò ó o. Kò dárúkọ ohun mímu wa." Mo ní kò burú, kí wọ́n máa lo ti àna mi.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe tìtorí Àlájì ni ilé-iṣẹ́ yẹn ṣe ṣe ayò wọn. Agolo ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ sinimá àtijọ́ náà, kì í ṣe tìtorí kí àwọn ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lè rí ẹṣin ló ṣe wá, a sì rí ẹṣin.

Bí òjò ti ń lọ sópin, ohùn kan dé láti Ṣakí tí kì í ṣe èébú. "Máa... bọ̀. Gbé ọpọ́n."

Mo gbé ọpọ́n. Mo gbé agolo orí tẹ́lífíṣọ̀n náà pẹ̀lú, n kò fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí mo dé ilé Nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó kọjú sí ògiri. Iwájú ilé ni Àlájì jókòó sí, ó ti ní kí wọ́n gbé àga kejì síwájú rẹ̀. Ẹnu náà ṣì wọ́ díẹ̀. Ó jẹ́ kí n wò ó.

Mo tẹ́ ọpọ́n sáàrin wa, mo na ọwọ́ sí àpò ọmọ ayò. Láàrin wa, ẹni tí wọ́n jẹ kẹ́yìn ló máa ń to ayò, èmi sì ni. Ó fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú àpò náà, ó mú ọmọ ayò jáde, ó gbé e lọ sí ojú ayò àkọ́kọ́. Ọ̀kan já bọ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì, tó ń gbé ohun mímu inú agolo yẹn bọ̀ nínú kọ́ọ̀bù méjì, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a ṣà á.

Àlájì ní, "Fi í sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà mọ́ gaara.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á fúnra rẹ̀. Mo gba kọ́ọ̀bù tèmi, mo mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dùn. Mo jókòó, mo ń dúró dè é kó to ayò tán.